Èrò ọkàn mi: Ọkọ wà nílé, àárò ọkọ ń sọ ìyàwó

Fíìmù Japan kan wà tó ń jẹ́ Meshi, Mikio Naruse ló darí ẹ̀ lọ́dún 1951. Ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀, wọn ò gba ọkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó dùn mí wọra.

Michiyo àti Hatsunosuke ni tọkọtaya ibẹ̀. Ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe pé àwọn òbí bá wọn ṣètò ẹ̀, bó ṣe wọ́pọ̀ ní Japan nígbà náà. Tokyo ni ìdílé ìyàwó wà, àmọ́ Osaka ni wọ́n ń gbé, níbi tí ọkọ ti ń ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń tà á.

Ẹ wo òwúrọ̀ wọn. Michiyo ti jí, ó ti se ìrẹsì, ó ti gbé oúnjẹ síwájú ọkọ. Ìwé ìròyìn ni ọkọ ń kà. Ìyàwó sọ̀rọ̀, kò gbọ́, àbí ó gbọ́ tí kò dáhùn. Nírọ̀lẹ́, ebi ń pa ọkọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Setsuko Hara ló ṣe Michiyo, ẹ fara balẹ̀ wo ojú ẹ̀ dáadáa: á rẹ́rìn-ín sí àlejò, bí àlejò bá ti yíjú, ẹ̀rín ti pòórá.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé Hatsunosuke kì í ṣe èèyàn burúkú. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ká ní wọ́n pe ẹbí jọ, tí wọ́n bi Michiyo pé, "Kí lọkọ ẹ ṣe fún ẹ gan-an?", kò ní rí nǹkan kan tọ́ka sí. Ẹni tí wọ́n lù lè fi ojú ọgbẹ́ han èèyàn. Ẹni tí wọn ò wojú ẹ̀ mọ́ ńkọ́, kí ló fẹ́ fi hàn? Ọkùnrin tó fẹ́ náà ló ṣì ń wù ú, ó sì jókòó síwájú ẹ̀.

Ìgbà tí Satoko, ọmọ ẹbí ọkọ, sá wá bá wọn látilé ni ọ̀rọ̀ wá le. Hatsunosuke mú un káàkiri Osaka, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní owú. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọkùnrin yìí! Ìyẹn ló gún ìyàwó lọ́kàn. Ó kó ẹrù, ó gba ilé ìyá ẹ̀ lọ ní Tokyo, ó sì sùn níbẹ̀ bí ẹni tí kò tíì sùn láti ọdún mélòó kan.

Ìwé tí Fumiko Hayashi ń kọ lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ṣe fíìmù yìí. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1951, ìtàn ò sì tíì parí. Àwọn tó ṣe fíìmù ló wá bá a parí ẹ̀: ọkọ wá sí Tokyo, ìyàwó bá a padà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ sùn lọ fọnfọn. Michiyo fa lẹ́tà tó ti kọ sí i yọ, èyí tí kò fi ránṣẹ́, ó ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sọ ọ́ síta lójú fèrèsé. A wá gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń sọ pé bóyá ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí ni ayọ̀ obìnrin wà.

Mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe torí pé ó padà. Obìnrin lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn. Àmọ́ gbogbo ohun tó yẹ kí ọkọ mọ̀ wà nínú lẹ́tà yẹn, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Wọ́n ń padà sí Osaka, sídìí ìwé ìròyìn àti ìrẹsì, obìnrin nìkan ló sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Kí ẹnì kan jí ọkùnrin yẹn lójú oorun! Kó ka lẹ́tà náà kí wọ́n tó délé!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu Michiyo lẹ gbà gbọ́ ni, àbí lẹ́tà tó ya?