Bailiff tó wá gba owó káńsù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti já ilẹ̀kùn yín

Aago méje kù díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti ìlú kan ní Kent. Kò tilẹ̀ kí mi. "Àǹtí, wọ́n ti dé o! Ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní owó káńsù ni òun wá gbà. Ó ní tí mi ò bá ṣílẹ̀kùn, òun á pe ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́. Ṣé kí n ṣí i fún un?" Owó káńsù ni owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé téèyàn ń gbé (council tax), bailiff sì ni ẹni tí òfin gbà láyè láti wá gba gbèsè tàbí kó ẹrù onígbèsè. Mo ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń ké lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ ilẹ̀kùn náà: gbàm, gbàm, gbàm.

Mo ní, "Má ṣí i. Lọ wò ó bóyá o ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọn ò ní já a báyìí?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí mi ò tíì rí agbo Yorùbá kan nílùú òyìnbó tí wọn ò ti ní ìdáhùn sí i nílẹ̀, òdì sì ni ìdáhùn náà. "Wọ́n á já a." "Ọlọ́pàá ni wọ́n máa mú wá." "Ìwé kóòtù wà lọ́wọ́ wọn, ta ló fẹ́ dá wọn dúró?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì o, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí o, lórí WhatsApp o, ohun kan náà ni. Ìmọ̀ràn tó máa ń tẹ̀lé e ló wá burú jù: "Yáa ṣílẹ̀kùn fún wọn, kó o kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n."

Irọ́ ni. Ní England àti Wales, bailiff tó wá gba gbèsè owó káńsù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá wọ ilé yín nígbà àkọ́kọ́. Kò gbọdọ̀ já kọ́kọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gba ojú fèrèsé, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ há ẹnu ilẹ̀kùn kí ẹ má baà lè tì í, kò sì gbọdọ̀ tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kọjá. Scotland ní òfin tirẹ̀, mi ò kó wọn mọ́ ọn. Àmọ́ tí ẹ bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, tó yí ọwọ́ rẹ̀ tó sì ṣí, ó ti wọlé nìyẹn, òfin ò ní bá a wí. Tí ẹ bá sì ní "ẹ wọlé ká jọ sọ̀rọ̀," ẹ̀yin lẹ pè é.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe dorí kodò. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kó lè bẹ̀bẹ̀ ló ń fi agbára tí bailiff ò ní tẹ́lẹ̀ lé e lọ́wọ́. Tó bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ẹrù sílẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, àga tìmùtìmù, kọ̀ǹpútà. Á ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹ ò ní kó àwọn ẹrù náà kúrò nílé, pé iye báyìí lẹ ó máa san lóṣù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yẹ àdéhùn yẹn, ó lè fìwé ránṣẹ́ pé òun ń padà bọ̀, tó bá sì dé lọ́tẹ̀ yìí, ó lè fipá wọlé. Ibẹ̀ ni ìtàn "wọ́n já ilẹ̀kùn Bàbá Fúnṣọ́" ti máa ń wá. Wọ́n já a lóòótọ́. Ohun tí Bàbá Fúnṣọ́ ò sọ fún wa ni pé òun fúnra òun ló ṣí i fún wọn nígbà àkọ́kọ́, tó tún gbé Malt fún wọn mu.

Ọ̀nà míì tún wà tí irọ́ náà fi rí ẹsẹ̀ rìn. Bailiff tó wá gba owó ìtanràn tí kóòtù dá fún ọ̀daràn, irú èyí tí wọ́n ń bù fún ẹni tó wakọ̀ láìní ìwé ìbánigbófò, lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá wọlé. Ẹni tó wá gba owó orí ìjọba àpapọ̀ náà lè gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́. Àwọn tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì pẹ̀lú kámẹ́rà láyà, ilé ẹjọ́ gíga ló rán ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aṣọ dúdú kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi ẹnu sọ, ta ni yóò wá dúró bi wọ́n pé irú gbèsè wo lẹ bá wá? Ẹ bi wọ́n o. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kàn ń kọ lẹ́tà nítorí gbèsè fóònù tàbí ti káàdì báńkì, tí kóòtù ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ wọn, kò tilẹ̀ ní àṣẹ kankan ju ti ẹni tó ń ta búrẹ́dì lọ.

Èmi rò pé ẹ̀rù náà tún jinlẹ̀ ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Àwọn baba ńlá wa mọ ológò. Tí gbèsè bá ti pẹ́ jù lọ́wọ́ èèyàn láyé ijọ́un, olówó lè rán ológò sí i pé kó lọ dógò tì í. Ológò á wọnú agboolé lọ, á máa pariwo, á máa bú tọmọdé tàgbà, adìẹ tó bá rí níta á mú un pa jẹ, kò sì ní kúrò títí gbogbo ẹbí á fi sáré wá owó náà. Nílẹ̀ wa, inú ilé onígbèsè gan-an ni ológò ti ń ṣiṣẹ́. Òfin àwọn òyìnbó yìí yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti dá ológò tirẹ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Mo ní kó gba inú ihò lẹ́tà bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, kó ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ han òun, torí bailiff tó bá wá gba owó káńsù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti kóòtù, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn tí ẹ bá bèèrè. Ó fi hàn án lójú gíláàsì. Kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan ló fi dẹ́rù bà á. Mo ní kó sọ fún un pé òun mọ̀ pé owó káńsù ni, òun ò ní ṣílẹ̀kùn, káńsù lòun máa bá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà ní òun lè pe ọlọ́pàá. Ó lè pè é lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ ò ju pé kí ìjà má bẹ́. Kò wá bá a ṣílẹ̀kùn.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó lọ. Ó ju ìwé kan sílẹ̀ gba ihò lẹ́tà. Àbúrò mi yà á, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà pupa gàdàgbà ló wà lókè, pé àwọn yóò padà wá kó ẹrù, bó wà nílé ni o, bí kò sí nílé ni o. Mo fẹ àwòrán náà tóbi. Nísàlẹ̀, nínú lẹ́tà tí kò tó èèrà, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn "lè" padà wá, àti pé àwọn "lè" mú ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ dání "níbi tí òfin bá ti gbà á." Òfin ò sì gbà á fún irú gbèsè tirẹ̀. "Lè" yẹn ni kí ẹ máa wá nínú ìwé wọn.

Òfin tó de àwọn èèyàn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2014. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín kó tó ọjọ́ méje gbáko kí wọ́n tó wá, wọn ò sì gbọdọ̀ ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn. Láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n lè wá. Tó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nìkan ló wà nílé, wọn ò gbọdọ̀ wọlé, kódà bí ọmọ náà bá ṣílẹ̀kùn gbayawu. Bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, fíríìjì, ẹ̀rọ ìdáná, ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun èlò iṣẹ́ yín tí owó rẹ̀ ò bá ju £1,350 lọ náà wà nínú èyí tí wọn ò gbọdọ̀ kó. Ẹrù ẹlòmíràn tó wà nílé yín kì í ṣe tiwọn.

Mọ́tò wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Ilẹ̀kùn ò dáàbò bo mọ́tò. Tó bá jẹ́ tiyín, tó sì wà níwájú ilé tàbí lójú títì, wọ́n lè fi irin há táyà rẹ̀ kí ẹ tó jí. Mọ́tò tí ẹ ṣì ń sanwó rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ni ín, tàbí èyí tó ní Blue Badge, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń fún aláàbọ̀ ara láti fi gbé mọ́tò sílẹ̀, yàtọ̀. Ọkọ àbúrò mi ti lọ gbé tirẹ̀ sí òpópónà kejì lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, orí ló ṣe é ni, kò mọ òfin kankan.

Mi ò sọ pé kí ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ máa sùn o. Ẹgbẹ́ kejì wà tó ń sọ pé "má dá wọn lóhùn, tó bá pé ọdún mẹ́fà á rá," àwọn náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ọdún mẹ́fà ni káńsù ní láti fi lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù Májísíréètì. Tó bá ti gba ìwé àṣẹ yẹn, kò sí pé ó ń rá. Owó sì ń gorí owó. Iye tí òfin ọdún 2014 fi lélẹ̀ ni £75 gẹ́rẹ́ tí fáìlì yín bá ti dé ọwọ́ bailiff, àti £235 lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá kanlẹ̀kùn, ì báà ṣí, ì báà má ṣí. Gbèsè àbúrò mi jẹ́ £684. Káńsù fi £95 lé e, owó kóòtù. Nígbà tí ọkùnrin yẹn fi máa bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ó ti di £1,089.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí: púpọ̀ nínú £684 yẹn kì í ṣe gbèsè rárá. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wá, ọkọ rẹ̀ sì bá a wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé fún gbogbo àkókò rẹ̀ kì í san owó káńsù. Ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìlú Britain, tí físà rẹ̀ sì sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, wọn kì í kà á náà. Tó bá jẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń gbé inú ilé, ilé náà ò san kọ́bọ̀. Àwọn wọ̀nyí kó lọ sí ilé míì ní oṣù kìíní, wọn ò sì fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì ránṣẹ́ sí káńsù tuntun. Bí ìwé owó ṣe ń dé, wọ́n ń kó o sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí kóòtù pè wọ́n, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n lọ.

A gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ yunifásítì, a fi ránṣẹ́ sí káńsù. Ẹ kíyè sí i, káńsù ni a fi ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ bailiff kì í ṣe láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ jẹ gbèsè. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìpè fóònù ò sì lóǹkà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ £430 kúrò, wọ́n sì gba fáìlì padà lọ́wọ́ bailiff. £254 tó kù, ìyẹn ti oṣù tó ti parí ẹ̀kọ́, ló ń san díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó ń dá gbé lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó ìdá mẹ́rin kan, ìyẹn 25%, kò sì ní bá físà rẹ̀ jà. Àmọ́ ìrànwọ́ owó káńsù tí wọ́n ń fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, owó ìjọba ni wọ́n ka ìyẹn sí. Tí físà yín bá kọ owó ìjọba, ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ láì bi ẹni tó mọ̀.

Ní ti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, Wales ti fòpin sí i láti oṣù kẹrin ọdún 2019. Ní England ó ṣì wà nínú ìwé, oṣù mẹ́ta ni kò lè kọjá, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san ni tàbí pé àìbìkítà yín ló fà á. Bailiff tó kàn wá gba owó tàbí kó ẹrù ò lè mú ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè.

Tí gbèsè náà bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, tí ọwọ́ ò sì tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ bá àwọn àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè: Citizens Advice, StepChange tàbí National Debtline. Ọ̀fẹ́ ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, olùdámọ̀ràn gbèsè lè bá yín gba ọgọ́ta ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń pè ní Breathing Space, bailiff ò sì gbọdọ̀ yọjú sí yín nítorí gbèsè náà láàárín rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣílẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì ti fọwọ́ sí ìwé ẹrù, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti àbúrò mi. Ọjọ́ ìsanwó tó kàn ni kí ẹ máa ṣọ́. Tí ẹ bá mọ̀ pé owó rẹ̀ ò ní pé, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ náà tó kọjá, nígbà tí àdéhùn ṣì wà lẹ́sẹ̀.