Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni wọ̀bìà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ẹni tó bá sanra jù, àìlèkó ẹnu rẹ̀ níjàánu ló kó bá a, àti pé bí ọmọdé bá tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn òbí rẹ̀ ni kò mọ ọmọ tọ́. Bí ènìyàn bá ní oògùn kan wà tó lè pẹ̀tù sí ebi irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn a ní kò sí oògùn wọ̀bìà. Bẹ́ẹ̀, oògùn gan-an ló já ìgbàgbọ́ yìí nírọ́.

Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Stephen O'Rahilly àti Sadaf Farooqi wà lára wọn, ròyìn ọmọ méjì tí ìdílé wọn ṣẹ̀ wá láti Pakísítánì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 8, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 86. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 2, ó wọn kílò 29. Ìwọ̀n tó yẹ ọmọ tuntun ni wọ́n bí àwọn méjèèjì ní, àmọ́ kò pẹ́ tí ebi fi gbé wọn dè, tí wọn kì í yé béèrè oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, leptin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Leptin yìí, tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní New York ní ọdún 1994, ni èròjà tí ọ̀rá ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ohun tó wà ní ìpamọ́ nínú ara ti tó. Ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ní in lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló jábọ́ nínú jíìnì (ìtọ́ni àjogúnbá tó wà nínú ara) tí ara àwọn ọmọ náà ì bá fi ṣe é. Àwọn òbí wọn, tí wọ́n bá ara wọn tan, ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ àti èyí kan tó pé, nítorí náà wàhálà ọ̀hún kò hàn lára wọn bó ṣe hàn lára ọmọ tó jogún ẹ̀dà bíbàjẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà pé ọdún 9, tó ti wọn kílò 94.4, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ leptin lójoojúmọ́. Láàárín oṣù 12, kílò 16.4 ti kúrò lára rẹ̀, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti ń yó ni. Bó bá jẹ́ pé ìwà ló bàjẹ́, kí ẹnìkan wá ṣàlàyé fún mi bí abẹ́rẹ́ ṣe tún ìwà ṣe.

Àwọn mìíràn wà tí ara wọn ń ṣe leptin, àmọ́ tí ohun tó yẹ kó gbà á nínú ọpọlọ kò ṣiṣẹ́: a rán iṣẹ́, ẹni tí a rán an sí kò létí. Leptin kò lè ṣe irú wọn lóore. Oògùn tó wà fún irú wọn ni setmelanotide, tí ń lọ tààrà sí MC4R, ibi tí ọpọlọ ti ń dá ebi dúró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àjọ FDA, tí ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà á láyè fún àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 6, tí àbùkù wà nínú jíìnì LEPR wọn, èyí tí ara fi ń ṣe ohun tí ń gba leptin, tàbí nínú POMC tàbí PCSK1, tí ń bá a gbé iṣẹ́ tí leptin rán dé MC4R. Nínú ìdánwò rẹ̀, 8 nínú àwọn 10 tí POMC tàbí PCSK1 ń yọ lẹ́nu ló pàdánù ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn láàárín nǹkan bí ọdún kan; 5 nínú 11 ni ti LEPR. Oògùn náà máa ń mú kí àwọ̀ ara dúdú sí i (àwọn tó ń bóra kò ní fẹ́ gbọ́ èyí), ó sì lè mú kí èébì máa gbé ènìyàn.

Leptin àti setmelanotide kì í ṣe oògùn gbogbo ẹni tó sanra o. Leptin pọ̀ lára ọ̀pọ̀ jùlọ wọn, ìdí nìyẹn tí fífi kún un kò fi ṣe wọ́n ní àǹfààní kan tó ṣe gbòógì. Ọmọ tó bá ti sanra gidigidi kó tó pé ọdún 5, tí ebi kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀, ló yẹ kí a gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọmọdé tó mọ̀ nípa họ́mónù, kí wọ́n yẹ jíìnì rẹ̀ wò, nítorí pé ibi tí àbùkù náà wà ni yóò sọ bóyá leptin ló yẹ ẹ́, tàbí setmelanotide, tàbí kò sí èyí tó yẹ ẹ́ nínú méjèèjì.