Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò ní kí pápá gọ́ọ̀fù má dára

Ẹ̀yin ará Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ibi olókè bíi Ẹ̀fọ̀n Aláayè nìkan ni pápá gọ́ọ̀fù tó dáńtọ́ ti lè wà. Òkè wa rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Old Course, pápá gọ́ọ̀fù olókìkí ní St Andrews, Scotland, kò ní òkè gíga. Gegele àti kòtò kéékèèké ló ní, pẹ̀lú kòtò yanrìn 112. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gegele tí kò ju orúnkún lọ, á sì yà kúrò lọ́nà. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n eré náà wà.

Àìsí òkè yàtọ̀ sí kí ilẹ̀ tẹ́ bíi tábìlì. Kódà, ọwọ́ ènìyàn lè tún èyí tó tẹ́ ṣe. Àbàtà ni ilẹ̀ TPC Sawgrass ní Florida kí Pete Dye, ẹni tó máa ń ya àwòrán pápá gọ́ọ̀fù, tó sọ ọ́ di pápá tí wọ́n ṣí ní 1980. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ni wọ́n fi mọ gegele rẹ̀. Omi ni kí ẹ bẹ̀rù: bí kò bá rọ́nà ṣàn, koríko á rà.

Ẹ ṣí Google Earth, kí ẹ wo nọ́ńbà gíga ilẹ̀ St Andrews, kí ẹ tún wo ti Ẹ̀fọ̀n.