Ọ̀pá ìwọ̀ kan ti tó fún odò Àsà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Tankẹ, ní Ìlọrin, pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá ìwọ̀ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ ní kí n tó lè pe ara mi ní apẹja? Wọ́n ní bí kò bá pé márùn-ún, mo kàn ń ṣeré ni." Ó ti ní ẹyọ kan. Ó ti ń tọ́jú owó pamọ́ láti ọdún Iléyá kó lè ra mẹ́rin tó kù. Mo ní kó má ra ìkankan. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ lọ sí etí omi Àsà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, lókè ibi tí wọ́n ti sé odò náà, ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́ tó ru ọ̀pá mẹ́fà, méje, bí ẹni ń ru igi ìdáná. Ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó mú ẹyọ kan wá kò dára. Àánú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló ń ṣe mí, torí owó tí kò tó náà ni wọ́n fi ń ra ohun tí kò ní mú ẹja wálé.

Ọ̀nà méjì ni ìgbàgbọ́ yìí pín sí. Àwọn kan ní ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá tirẹ̀: ti epìyà ọ̀tọ̀, ti àrọ̀ ọ̀tọ̀. Àwọn kejì ní bí ọ̀pá tó wà nínú omi bá ṣe pọ̀ tó ni ẹja tí a ó mú yóò ṣe pọ̀ tó. Ti kejì yìí ló burú jù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú un.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí epìyà bá rí ekòló lẹ́nu ìwọ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré. Kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń ṣán an díẹ̀díẹ̀, ó máa ń ya á létí, ó máa ń tu ú sílẹ̀, ó tún máa ń padà wá. Lórí omi, ohun tí ẹ óò rí kò ju pé kọ́ọ̀kì tó léfòó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró. Láàárín ìgbọ̀nrìrì yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ fa okùn. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀, ekòló ti lọ, ìwọ̀ ti di ìhòòhò. Ẹni tó ri ọ̀pá mẹ́fà mọ́lẹ̀ kò lè rí ìgbọ̀nrìrì náà lórí kọ́ọ̀kì mẹ́fà. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ń lò láti fa ọ̀pá kan jáde, kó fi ekòló tuntun há a, kó sì tún un jù. Ìṣẹ́jú 24 yóò ti kọjá kó tó padà dé ti àkọ́kọ́. Epìyà kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú 24. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ìwọ̀ mẹ́fà tó wà nínú omi, bóyá la fi lè rí méjì tí ìdẹ ṣì wà lẹ́nu wọn. Irin lásán ni ìyókù. Àwọn àgbà ti ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo, ká má tíì wá sọ ti mẹ́fà.

Àrọ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Alẹ́ ló máa ń jẹun jù, irun ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń wá oúnjẹ kiri nínú ẹrọ̀fọ̀, kò nílò ìmọ́lẹ̀. Òun máa ń gbé ìdẹ mì dáadáa, nítorí náà àwọn kan ní ọ̀pá púpọ̀ kò burú fún un. Mo ti dán an wò. Ní etí odò Ọ̀yun, ní apá Ọ̀fà, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo ri ọ̀pá mẹ́ta mọ́lẹ̀, mo sì jókòó. Àrọ̀ tó tóbi gbé ti àárín. Àrọ̀ kì í sáré lọ tààrà bí ẹja mìíràn. Yíyí ló máa ń yí, tí yóò máa lọ́ ara rẹ̀ mọ́ okùn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti yí okùn ọ̀tún àti ti òsì mọ́ra bí irun dídì. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo fi ọ̀bẹ gé gbogbo rẹ̀. Àrọ̀ lọ, ìwọ̀ mẹ́ta lọ, òjé lọ, alẹ́ tó dára jù nínú oṣù náà sì lọ. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè sùn. Láti ọjọ́ náà, ẹyọ kan ni mò ń gbé lọ sí Ọ̀yun, ọwọ́ mi sì máa ń wà lórí rẹ̀ títí mo fi ń dìde.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọ̀pá kan kò lè mú ẹja ńlá, ìtàn George Perry ni mo máa ń sọ fún un. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ni ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1932, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jack Page lọ sí adágún Montgomery. Ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo àti ẹja àtọwọ́dá kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ṣe ìdẹ ni àwọn méjèèjì ní, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tó kan Perry, ó fa ẹja básì kan tó wọn kílò 10 àti díẹ̀ jáde. Ó gbé e lọ wọ̀n, ó gbé e relé, òun àti ẹbí rẹ̀ sì sè é jẹ. Nínú irú ẹja yẹn, kò tíì sí ẹni tó fi ìwọ̀ mú èyí tó borí rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ní ọdún 2009, Manabu Kurita mú ọ̀kan ní adágún Biwa ní Japan tó fi ohun tí kò tó gíráàmù 30 wúwo jù ú lọ. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí òfin béèrè, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbẹ̀ pọ̀. Ó ti lé ní 90 ọdún báyìí. Gbogbo ọ̀pá olówó iyebíye tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà náà kò tíì tẹ ti ẹni tó yá ọ̀pá lò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níbo wá ni àwa ti rí ìgbàgbọ́ yìí? Inú fídíò ni. Ẹ ti rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Amẹ́ríkà níbi ìdíje ẹja básì, ọ̀pá mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n tò sílẹ̀ níwájú ọkọ̀. Ohun tí fídíò kì í sọ ni pé òfin ìdíje náà gba apẹja láyè láti lo ọ̀pá kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìyókù ti ní ìdẹ oríṣiríṣi lẹ́nu tẹ́lẹ̀, kó má baà fi àkókò ṣòfò láti tú ọ̀kan kó tó so òmíràn. Aago ni wọ́n ń bá jà, ẹ̀bùn owó ló sì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, níbi tí àwọn kan ti máa ń sùn sétí adágún, ìwé àṣẹ ni ìjọba ń tà fún ẹni tó fẹ́ pẹja, iye ọ̀pá tó lè lò sì wà nínú rẹ̀: méjì lórí ọ̀kan, mẹ́ta lórí èkejì. Ta ni aago ń lé ní etí Àsà? Ta ló fẹ́ fún wa lẹ́bùn?

Ó ku ti àwọn tó ní ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá tirẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fà á gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ ọ̀pá ni láti ju ìdẹ jìnnà, kí ó tẹ̀ nígbà tí ẹja bá fà, kí okùn má baà já. Bíréèkì tó wà lára ríìlì, ìyẹn ohun tí okùn ń wé mọ́ lára ọ̀pá, náà ń ṣe nínú iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, ẹja tó lágbára yóò fa okùn jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí kò le jù, tí kò sì rọ̀ jù, pẹ̀lú táńgúsì tó lè gbé kílò 5, yóò fa epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́, yóò sì fa àrọ̀ tó gùn bí apá àgbàlagbà. Kí ẹ ra èyí tó ṣeé yọ sí méjì, kó lè wọ inú Márúwá. Ohun tó máa ń yí padà láti ẹja dé ẹja ni ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ okùn, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ìwọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀ máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Láti orí 1 lọ sókè, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ṣe ń kéré sí i: nọ́ńbà 10 kéré gan-an sí nọ́ńbà 4. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 1/0, 2/0, 3/0 sí lára, ó ti yí padà, bó ṣe ń pọ̀ sí i náà ló ń tóbi sí i. Fún epìyà Àsà, nọ́ńbà 8 tàbí 10 ni mò ń lò. Fún àrọ̀, 1/0 sí 3/0, torí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Mo ti bá àwọn tó fi ìwọ̀ àrọ̀ wá epìyà láti àárọ̀ títí di ìrun Àlàásárì pàdé. Ẹja ń jẹ ìdẹ wọn, ìwọ̀ kò sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n wá sọ ni pé ọ̀pá wọn kò dára, àwọn fẹ́ lọ ra òmíràn. Páálí ìwọ̀ tó kéré ì bá ti tán ọ̀ràn náà, kò sì tó ìdá mẹ́wàá owó ọ̀pá.

Ìdẹ náà kò kéré. Ekòló tí ẹ wà létí omi, tó ṣì ń yí, dára fún àwọn méjèèjì. Ìfun adìyẹ tí àwọn alápatà ń dà nù dára fún àrọ̀, òórùn rẹ̀ ló ń pè é. Àwọn kan ń fi ọṣẹ gígé há ìwọ̀ fún un, ó sì ń jẹ ẹ́. Epìyà fẹ́ràn búrẹ́dì tí wọ́n fi omi díẹ̀ pò, tí wọ́n yí bíi hóró ẹ̀wà.

Àwọn tí iṣẹ́ ẹja ń bọ́ kì í lo ọ̀pá rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pẹja lórí Odò Ọya, láti Jẹ́bà dé apá Bússà, níbi tí wọ́n ti sé omi Kainji ní 1968. Àwọ̀n ni wọ́n ń dà, ìgèrè ni wọ́n ń dẹ, tàbí kí wọ́n na okùn gígùn tí àwọn Hausa ń pè ní mari-mari, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ so rọ̀ lára rẹ̀ láìsí ìdẹ kankan. Ẹja tó bá gba ibẹ̀ kọjá ni ìwọ̀ ń há lára. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja tó lè kún agbọ̀n, ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pá wà fún ẹni tó fẹ́ jókòó ti ẹja kan lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà kan wà tí mo gbà pé ọ̀pá kejì yẹ, Jẹ́bà ló sì ti wá. Ẹja tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, erin inú omi, wà nínú Odò Ọya. Ó lè wọn ju kílò 100 lọ. Kékeré rẹ̀ gan-an yóò já táńgúsì kílò 5 bí òwú. Ẹni tó bá fẹ́ dojú kọ ọ́ nílò ọ̀pá tó le, ríìlì tó tóbi àti okùn tó nípọn, kò sì sí bí ọ̀pá Àsà ṣe lè dípò ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Jẹ́bà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ẹni tó ní ọkọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ọkàn yín wà níbẹ̀, kí ẹ tó ná owó náà. Ti ẹja eléyín tó ń gé okùn yàtọ̀, kò béèrè ọ̀pá mìíràn. Ẹ so wáyà tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì sáàárín ìwọ̀ àti táńgúsì, ó tán.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé kó mú díẹ̀ nínú owó náà, kó fi ra táńgúsì tuntun. Èyí tó wà lórí ríìlì rẹ̀ ti lo ọdún méjì nínú oòrùn, ó ti gbẹ, ó sì ti ń ya lójú. Kó kó èyí tó bá yọ padà sílé, kó má jù ú sétí omi, torí mo ti rí lékeléke tí irú rẹ̀ lọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀ títí tó fi kú. Kó ra páálí ìwọ̀ méjì, kékeré àti ńlá, òjé díẹ̀, àti fáìlì tínrín kan. Ó béèrè pé kí ni fáìlì wà fún. Mo ní kó fi ẹnu ìwọ̀ fa orí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá há síbẹ̀, ó mú. Bí ó bá yọ̀ lọ, kó fi fáìlì pọ́n ọn kó tó fi ekòló sí i. Ó pè mí padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ìwọ̀ mọ́kànlá tó ní nílé, mẹ́jọ ló yọ̀.