Ẹ Má Ra Kọ̀ǹpútà fún Ilé Ìwé Bí Kò Bá Sí Owó Àtúnṣe

Rírà kò le. Ìjọba tó bá ti lówó lọ́wọ́ kì í wá ẹni tí yóò ta kọ̀ǹpútà fún un tì. Ọdún kejì, ọdún kẹta, ló máa ń le: bátìrì ti kú, ẹnu ṣájà ti já, kò sì sí kọ́bọ̀ nínú ìṣúná tí wọ́n lè fi tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò báyìí ń kú sí láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà.

Iná ni ká kọ́kọ́ wò. Ká ní kíláàsì kan ní kọ̀ǹpútà alágbèéká 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 45. Bí wọ́n bá lò ó fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, watt-hour 7,200 (wáàtì tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀) ni. Bátìrì olómi tó jẹ́ 12 fóltì, ampere-hour 200 (ìwọ̀n iná tó lè gbà), ń gba watt-hour 2,400, ìyẹn 12 lọ́nà 200, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ló yẹ kéèyàn fà bí kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́. Mẹ́fà ni wọn yóò nílò, ká má tíì ka èyí tí invẹ́tà ń fi ṣòfò. Alágbàṣe tó kó mẹ́rin wá kò ní gbọ́ ìráhùn lọ́jọ́ ìṣílé, torí iná á tàn yòò. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa fà á kọjá ìwọ̀n, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Páńẹ́lì sólà tó lè lo 20 ọdún á wà lórí òrùlé, kò sì ní sí ohun tí yóò gba iná rẹ̀ pamọ́. Ká ní tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ wáàtì 10 ni wọ́n rà ni, bátìrì méjì ì bá tó.

Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì náà tún wà níbẹ̀. Bí ọmọ 30 bá fẹ́ wo fídíò kan tó jẹ́ 100 megabyte lórí ìlà tó ń sáré ní megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí gbogbo wọn tó rí i gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ wọn kò ju 40 ìṣẹ́jú lọ. Kí wọ́n kó ẹ̀kọ́ sínú sáfà kékeré kan (kọ̀ǹpútà tó ń pín ẹ̀kọ́ fún àwọn yòókù) nínú ọgbà ilé ìwé, pẹ̀lú ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà bíi Kolibri tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ló bọ́gbọ́n mu.

Peru ra kọ̀ǹpútà tó lé ní 800,000 lábẹ́ ètò One Laptop per Child (kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan) tí Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kéde ní 2005. Báńkì IDB, tó ń yáwó fún ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà, ṣèwádìí ní ilé ìwé 319, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò mọ ìṣirò tàbí èdè ju àwọn tí kò gbà lọ. Uruguay dá ètò tirẹ̀, Ceibal, sílẹ̀ ní 2007, ó so ilé ìwé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣètò àtúnṣe. Ẹ̀rọ wọn wà láàyè. Síbẹ̀, ìwádìí àkọ́kọ́ kò rí ìlọsíwájú nínú ìṣirò níbẹ̀ náà, torí àtúnṣe kọ́ ni ẹ̀kọ́. Ní Delhi, ní India, tí ọmọ ti ń rí ìbéèrè tó bá ìwọ̀n òye rẹ̀ mu lórí ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Mindspark, tí olùrànlọ́wọ́ sì wà pẹ̀lú wọn, ìṣirò wọn gbé pẹ́ẹ́lí láàárín oṣù mẹ́rin àbọ̀.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ sínú ìròyìn. Bí wọ́n bá ní kí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí i pé òun ni yóò san owó kọ̀ǹpútà tó bá sọnù, yóò ti àwọn kọ̀ǹpútà náà mọ́ àpótí. (Ẹni tó bá ń pè é ní ọ̀lẹ, kó lọ ka ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí.)

Ohun tí a ń béèrè kò lọ́jú pọ̀. Kí ìdajì owó ètò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti bátìrì, àtúnṣe àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fún ọdún márùn-ún. Kí ẹ̀rọ àpamọ́ mẹ́wàá bá 100 kọ̀ọ̀kan wá. Kí ìjọba gba ẹrù ìsọnù kúrò lọ́rùn olùkọ́. Kí wọ́n sì di ìdá kan nínú márùn-ún owó alágbàṣe mú fún ọdún kan, kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ ka iye ẹ̀rọ tó ṣì ń tàn ní kíláàsì, kí wọ́n sì sanwó bí iye náà bá ṣe rí.