Ẹ Dímù, Ojú Èèyàn Ló Wà Níwájú Yín

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ìjà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ tí kò ní ariwo. Awakọ̀ kan ń bọ̀ láti apá Ìpetu Ìjẹ̀ṣà, ó tan fúlù, iná iwájú ọkọ̀ tó ń tàn jìnnà. Ẹni tó ń lọ pàdé rẹ̀ ṣẹ́ iná sí i lẹ́ẹ̀mejì: dímù, rẹ iná rẹ sílẹ̀ jàre! Ti iwájú ò dá a lóhùn. Inú bí ẹni yìí, òun náà gbé fúlù tirẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ méjì ń sáré pàdé ara wọn lórí títì tóóró tí nǹkan kan ò là láàárín, kò sì sí ẹni tó ríran dáadáa nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ti iwájú náà bá ń sá bẹ́ẹ̀, mítà 44 ni wọ́n fi ń sún mọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ojú tí fúlù bá sì kọ mọ̀nà sí kì í padà sípò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ti àgbàlagbà a sì máa pẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹni tó fi fúlù gbẹ̀san ti fọ́ ojú ẹni tó ń sáré bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. A ò mọ ẹ̀san tó tún gọ̀ ju ìyẹn lọ.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iná ẹlòmíràn lókèèrè ni kó kọ́kọ́ dímù, kó má dúró wo ohun tí ẹni ọ̀hún máa ṣe. Bí ẹni náà bá kọ̀ tí kò dímù, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kó gbójú kúrò lára iná náà, kó máa fi etí títì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe amọ̀nà títí wọn á fi kọjá ara wọn. Kó má tẹ bíréèkì lójijì, nítorí kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun.

A ò sọ pé fúlù burú o. Ta ló fẹ́ gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́ lóru láìtan fúlù? Iná ojú pópó ò sí. Ewúrẹ́ lè sùn sórí títì. Tírélà tó ti bàjẹ́ láti ọ̀sán lè wà níbẹ̀ tí kò sí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀, àfi ewé tútù tí mọ́tòbọ́ọ̀ì já sílẹ̀ bí àmì. Iná dímù kì í sábà tàn ju mítà 40 sí 60 lọ, fúlù a sì ju 100 lọ. Ìwé òfin ìrìnnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí nílò mítà 53 kó tó lè dúró, èyí tó sì ń sá bíi 96 nílò 73. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi dímù sá 100 ń sáré kọjá ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá dá tó sì ṣókùnkùn, ẹ tan fúlù. Bí ẹ bá dímù fún ẹlòmíràn, ẹ dín eré kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó dímù tí kò dín eré kù, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò kà sí ni fúlù láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ọkọ̀, díńgí rẹ̀ lẹ ń tanná sí, ojú rẹ̀ náà ni iná yẹn sì ń padà sí. Nínú ìlú tí iná ojú pópó wà, kí ni fúlù ń wá? Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń tàn, bẹ́ẹ̀ iná búlúù kékeré tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Nínú òjò líle, kùrukùru tàbí eruku ọyẹ́, fúlù á padà sójú ẹni tó tàn án bí ògiri funfun ni. Dímù ló dára níbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ á ní bí àwọn bá dímù, àwọn á já sí kòtò. Òótọ́ ni kòtò wà. Àmọ́ ojú tí fúlù ẹlòmíràn ti gbà ò lè rí kòtò náà. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, fúlù náà ò sì mọ̀ ọ́n: ó lè jẹ́ àbúrò yín ló wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ẹ̀bi kọ́ la lè dì ru awakọ̀. Àwọn iná kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n tiẹ̀ dímù wọn, bíi fúlù ni wọ́n ṣe ń tàn. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gba apá òsì, bíi Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, apá òsì ló ń tàn ga sí. Bí wọ́n bá kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ibí, tí wọ́n yí sítíárìn rẹ̀ tí wọn ò yí iná, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa tàn sí. Gílóòbù LED funfun tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, náà ńkọ́? Bí ríwáyà bá tì í sínú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù àtijọ́, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa tú ká. Ọkọ̀ tí wọ́n di iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Imú rẹ̀ á gbé sókè, iná á sì tẹ̀ lé imú. Ká má tilẹ̀ dárúkọ àwọn tírélà olójú kan, tí èèyàn máa rò pé ọ̀kadà ló ń bọ̀ títí tó fi máa dé tòsí.

Ẹjọ́ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò nìyẹn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á béèrè ìwé, wọ́n á béèrè ohun ìpaná. Wọ́n lè ní kí awakọ̀ tan iná, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ojú oòrùn mọ ibi tí iná dojú kọ? Ohun tí à ń fẹ́ ò gba owó púpọ̀. Ní gbogbo gáréèjì tí ọkọ̀ òru ti ń gbéra, kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà kan sára ògiri, kí ọkọ̀ tó ti kó èrò àti ẹrù tán dúró síwájú rẹ̀ lálẹ́, kó tan dímù. Èyí tí iná rẹ̀ bá kọjá ìlà, kó má tíì jáde.