Òtútù orí òkè kò ní kí oòrùn má jó yín

Àwọn òbí tó ń kó ọmọ láti London lọ síkì ní òkè Alps nígbà ìsinmi February kì í gbàgbé jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́. Ẹ wá bi wọ́n léèrè sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn. "Nínú òtútù yìí? Àwa tá a dúdú?" Irọ́ méjì ló wà nínú èsì yẹn.

Ooru la fi ń mọ oòrùn nílé, àmọ́ ìtànṣán UV tó ń jó awọ ara kì í ṣe ooru. Ojú kì í rí i, ara kì í sì í mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá ṣe ń gòkè ló ń le sí i, nǹkan bí 10% ní gbogbo 1,000 mítà, torí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó sẹ́ ẹ ti fẹ́lẹ́. Val Thorens ní ilẹ̀ Faransé wà ní 2,300 mítà, Cime Caron tó wà lókè rẹ̀ sì tó 3,200. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ kò dí UV lọ́wọ́.

Yìnyín ló wá burú jù. Iyanrìn etíkun ń dá nǹkan bí 15% UV padà. Yìnyín tuntun lè dá tó 80% padà. Ìsàlẹ̀ ni oòrùn ti ń wá báyìí: abẹ́ àgbọ̀n, ihò imú, abẹ́ etí. Fìlà kò lè ṣíji bo ibẹ̀.

Lóòótọ́, awọ dúdú ń dáàbò boni, ṣùgbọ́n kò ju bí SPF 13 lọ (SPF ni òǹkà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó), ìyẹn fún ẹni tó dúdú dáadáa. Ẹyinjú kò ní irú ààbò yẹn rárá.

Ojú ló sì yẹ kó ká òbí lára jù. Bí UV bá jó o, kò ní dunni lójú ẹsẹ̀. Ó di wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn náà kí ọmọ tó máa sunkún pé iyanrìn wà lójú òun. Ojú á pọ́n, á máa ṣomi, kò ní lè wo iná. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ra á. Ẹ pa iná yàrá, ẹ fi aṣọ tútù lé ìpéǹpéjú, ẹ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Bí kò bá lọ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Góógù tó ní àmì UV400, èyí tó fi hàn pé ó ń sẹ́ UV, ni kí ẹ rà, kí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ aláwẹ́ méjì kó má baà tètè ṣú. Àmì S ń sọ bí gíláàsì náà ṣe dúdú tó: S3 ló wà fún ọjọ́ tí oòrùn mú, S1 tàbí S2 fún ọjọ́ kùrukùru. Èyí tó kàn dúdú lásán tí kò sẹ́ UV léwu, torí ọmọlójú á fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, UV á sì ráyè wọlé. Bí ẹ bá ń sinmi, ẹ má tì í sí iwájú orí: ooru òógùn á bò ó, á sì dì. Ẹ má fi ìbọ̀wọ́ nu inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n fi pa á kó má baà ṣú á ṣí kúrò.

Sunscreen kò gbọ́dọ̀ dín ní SPF 30. Ẹ fún un sórí ìka méjì láti ìdí dé ṣóńṣó. Ìwọ̀n ojú àti ọrùn àgbàlagbà nìyẹn. Ẹ pa á ní ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó jáde, ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, àti nígbàkigbà tí ọmọ bá nu imú, òtútù kì í sì í jẹ́ kí imú dá. Oní-zinc máa ń funfun bí ẹfun lára wa. Ẹ wá èyí tí kò ní zinc. Ìpara ètè tó ní SPF, kí ó wà lápò jákẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ara, kó má baà le gbagidi.